Ẹni Tí Ó Jẹ Gbèsè Ni Kí Ó Pe Ọ̀rọ̀ fún Akọ̀wé: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbèsè Ọlọ́jọ́ Gígùn

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ máa ń ra ìwé ọlọ́dọọdún yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ̀kọ́ tèmi lọ́dún yìí kò jẹ mọ́ náhàù tàbí sárúfù. Gbèsè ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni àfáà ń wá nínú ọ̀rọ̀ owó. Ìdáhùn mi ni pé ááyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì kì í ṣe ti ìrun, kì í ṣe ti ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Hájì. Ti gbèsè ni. Òun ni ááyà 282 nínú Súrà Bákárà. Nínú irú Àlùkùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mọ̀dínà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, ojú ewé kan gbáko ni ó gbà. Ọmọ tí ó bá ti há a sórí mọ bí èémí ṣe ń fẹ́ tán kí a tó dé ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a há a sórí, mélòó ni ó ń fi í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ gba owó?

Ní èdè tiwa, gbèsè ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá pín in. Qard ni owó tí a yá ẹnìkan nítorí àánú, kí ó fi rí ọ̀nà àbáyọ, kí ó sì dá iye kan náà padà. Dayn gbòòrò ju ìyẹn lọ. Ohunkóhun tí ó bá wà lọ́rùn èèyàn láti san ni dayn: owó ọjà àwìn, owó ilé, owó iṣẹ́ tí lébìrà ṣe tí a ní kí ó padà wá gbà, àní sàdáákì tí ọkọ ṣèlérí fún ìyàwó ní ọjọ́ yìgì tí kò tíì fún un títí di òní. (Àwọn ọkọ tí ó bá ń ka ibí yìí, ẹ má ṣe ṣí ewé náà kọjá.) Ẹ tún wo bí a ti ń kọ ọ́: dáálì, yáù, núnù. Lẹ́tà mẹ́ta yìí kan náà ni a fi ń kọ dīn, tí í ṣe ẹ̀sìn. Bí a kò bá fi àmì sí i, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tí ááyà wa ń sọ ní pàtó ni gbèsè tí a dá àkókò fún. Ajal ni wọ́n ń pe àkókò náà. Ilẹ̀ tí a ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, owó tí a yá láti fi kọ́lé, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èésú tí a ti kó tí a ṣì ń dá, owó tí a dúró fún ẹlòmíràn lé lórí: gbogbo wọn ni gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí gbèsè kékeré ni pé ẹni tí ó tọwọ́ bọ̀wé lónìí kọ́ ni yóò san án lọ́la. Mo fẹ́ sọ pé ara rẹ̀ lè má le mọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ lè ti dín, ọmọ rẹ̀ lè ti di mẹ́fà. Ó sì lè ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ááyà náà pa láṣẹ ní ọ̀rọ̀ tèmi. Ó ní bí onígbàgbọ́ bá bá ara wọn ṣe gbèsè tí ó ní àkókò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Kí a mú ẹlẹ́rìí. Kí ó má ṣe sú wa láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Kí a má ṣe ni akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí lára. Ọjà ojú ẹsẹ̀, tí owó ń lọ tí ọjà ń bọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí a kò bá kọ ìyẹn. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín rẹ̀ tí a máa ń sáré kà kọjá: ta ni yóò máa sọ ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé yóò máa kọ? Olówó kọ́. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Òun ni yóò la ẹnu, tí yóò sì pe gbogbo rẹ̀ láì yọ nǹkan kan kù. Bí ó bá jẹ́ aláìlóye tàbí aláìlágbára, tí kò lè pè é, alámòójútó rẹ̀ ni kí ó bá a pè é.

Àwọn onítúmọ̀ Àlùkùránì sọ pé nítorí pé òun ni ẹ̀rí yóò jẹ́ lé lórí ni a fi ní kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tún rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá lè pe gbèsè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí akọ̀wé ń kọ ọ́, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè pè é kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́ wọ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti tọwọ́ bọ ìwé ogún ìgbà.

Ẹ wo bí a ti yí i padà lóde òní. Olówó ni ó ti tẹ ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ewé mẹ́fà, ewé méje, lẹ́tà wínníwínní, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ti ọjà. Wọ́n á ní, “Àfáà, ẹ tọwọ́ bọ ibí, ẹ tún tọwọ́ bọ ibí.” Àwa tí a jáde ní ilé-kéwú, tí a lè ka kìtáàbù tí kò ní àmì, ojú a máa ti wá láti sọ pé ìwé yìí kò yé wa. Nítorí ìtìjú yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi tẹ̀ka sí ohun tí kò yé wọn. Ṣé ááyà kò ti rí tiwa rò? Ẹni tí kò bá lè pè é, kí alámòójútó rẹ̀ bá a pè é. Kí ó mú ọmọ rẹ̀ tí ó lọ sí yunifásítì dání, kí ó ní kí ó kà á sókè, kí ó túmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí bàbá fúnra rẹ̀ wá tún un sọ ní Yorùbá. Bí olówó kò bá lè dúró gbọ́ ìyẹn, kí ó máa gbé owó rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ ẹni tí ó lè pe gbèsè rẹ̀ ni Barirah. Ìtàn rẹ̀ wà nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá. Ẹrú ni obìnrin yìí ní Mọ̀dínà. Ó bá àwọn olówó rẹ̀ ṣe àdéhùn láti ra ara rẹ̀ padà, irú àdéhùn tí Súrà Núúrù ááyà 33 fi àyè gbà. Ó wá bá ìyá wa Àíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, fún ìrànlọ́wọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó fi sọ gbogbo gbèsè náà: ùkíyà mẹ́sàn-án, ọdún mẹ́sàn-án, ùkíyà kan lọ́dọọdún. Ùkíyà kan jẹ́ dírámù 40, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dírámù 360. Ẹrú ni, síbẹ̀ ó mọ iye rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí yóò parí, ó mọ ohun tí yóò san lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun tí yóò gorí rẹ̀. Nígbà tí Àíṣà sì gbọ́, ó ní bí àwọn olówó rẹ̀ bá gbà, òun yóò ka gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́yọ lẹ́yìn náà nípa ẹni tí yóò ni ẹ̀tọ́ walā’, ẹ ó kọ́ ọ nínú Fiqh nígbà tí ẹ bá dé Sànáwì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbí ni pé gbèsè tí a mọ iye rẹ̀ ni ẹlòmíràn lè bá wa gbé.

Ìgbà tí Ànábì dé Mọ̀dínà pàápàá, ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń san owó èso sílẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí èso tó so. Kò lé wọn kúrò nínú rẹ̀. Ó ní kí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, kí àkókò rẹ̀ sì jẹ́ mímọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ mú kálámù kí a jọ ṣírò. Ká sọ pé ìyá kan tí ó ń ta aṣọ yá ₦240,000 lọ́wọ́ àwọn tí ń yáni lówó èlé. Wọ́n ní kí ó san án láàárín oṣù 12, èlé náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí gbogbo owó tí ó gbà. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦12,000. Ti oṣù 12 jẹ́ ₦144,000. Gbogbo ohun tí yóò san jẹ́ ₦384,000, èyí tí ó jẹ́ ₦32,000 lóṣù kan. Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n yìí ni wọn yóò sọ sí i létí, ó sì lè rọrùn lójú rẹ̀, nítorí pé kò gbọ́ 384,000. Ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ rẹ̀. Lóṣooṣù, ₦20,000 ni ó ń wọ inú ojú owó. Nígbà tí ó bá san ti oṣù mẹ́fà tán, ₦120,000 ni ó kù nínú ojú owó, síbẹ̀ èlé ₦12,000 náà ni yóò tún san. Márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún ti di mẹ́wàá. Ní oṣù tí ó kẹ́yìn, ₦20,000 péré ni ó kù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì tún gba ₦12,000 lé e. Ọgọ́ta lórí ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mo ṣe ìṣirò yìí lójú pátákó ní kíláàsì, ọmọ kan dìde, ó ní mo ti ṣì í. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ti ilé náà. Òfin National Housing Fund ti ọdún 1992 ni ó dá àpò kan sílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń san náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn sí, kí wọ́n lè yá owó ilé lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank of Nigeria. Èlé mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni a mọ̀ mọ́ ẹ̀yáwó náà, ó sì lè tó ọgbọ̀n ọdún. Mẹ́fà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn mìíràn ń gbà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yá ₦10,000,000 ní iye yìí fún ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bí ₦59,955 ni yóò máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì ju ₦21,500,000 lọ. Nínú owó oṣù kìn-ín-ní, ₦50,000 ni èlé. Kò pé ₦10,000 tí ó wọ inú ojú owó. Bí ó bá jẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi san án, yóò máa san nǹkan bí ₦84,386 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bí ₦15,190,000 lọ. Ẹni tí ó ń wo owó oṣù nìkan yóò mú ọgbọ̀n ọdún, yóò sì rò pé òun ti jèrè.

Àwọn bàbá wa mọ irú gbèsè báyìí dáadáa. Nígbà tí ìwọ̀fà wà nílẹ̀ Yorùbá, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn tí ó jáde ní 1921, ẹni tí ó bá yá owó a lọ máa ṣiṣẹ́ fún olówó tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe, èlé ni. Kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú ojú owó. Bí ó ro oko fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìn-ín-ní náà ni wọn yóò kà sílẹ̀ kí ó tó lè lọ sílé. A ti fi òpin sí ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ẹni tí ₦50,000 ń lọ nínú ₦59,955 rẹ̀ kí ó mọ ibi tí ó ń roko sí.

Ríbà jẹ́ hàráàmù, a kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹnikẹ́ni tí ó ti ka ìparí Súrà Bákárà mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè ni ọjà àwìn: ṣé ó tọ́ kí a ta ohun tí ó jẹ́ ₦500,000 lówó ọwọ́ ní ₦600,000 fún ẹni tí yóò san án lọ́dún kan? Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà á, bí a bá ti fẹnu kò sórí iye kan ṣoṣo kí a tó pínyà. Àpérò àwọn onímọ̀ Fiqh lágbàáyé tí ó jókòó ní Jeddah ní oṣù kẹta ọdún 1990 sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n tún sọ pé bí olùrà bá pẹ́ kí ó tó san, kò tọ́ kí a fi kún iye náà, ìbáà jẹ́ pé a ti kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ibi tí ọjà àti èlé ti yà nìyẹn: iye ọjà kì í dàgbà lẹ́yìn tí a bá ti tà á. Nílẹ̀ wa níbí, Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank tẹ̀lé e ní 2019, Lotus Bank sì dé ní 2021, wọ́n ń ṣe irú òwò yìí láìsí èlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ọmọ wa ní ibi tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára pátákó kò ka ìwé fún ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ náà, pè é tán kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Owó fúnra rẹ̀ náà ń yí padà, ẹ má gbàgbé. Lọ́dún 2024, àwọn tí wọ́n ti san nǹkan bí ₦4.9 mílíọ̀nù fún Hájì, àjọ NAHCON ní kí wọ́n tún wá fi nǹkan bí ₦1.9 mílíọ̀nù kún un, nítorí pé náírà ti wálẹ̀ gan-an níwájú dọ́là. Àdéhùn tí apá kan rẹ̀ wà ní owó ìlú mìíràn, ẹ má ṣe pè é bí ẹni pé náírà ni gbogbo rẹ̀.

Èésú ńkọ́? Kò sí èlé nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ènìyàn 12, ₦20,000 lóṣù, ẹnìkan ń kó ₦240,000. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ pé “mo kó èésú” bí ẹni pé a jèrè. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti jẹ gbèsè ₦220,000, oṣù 11 ni yóò sì fi san án. Ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn ni ó ti ń yá gbogbo àwọn yòókù lówó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ará èésú bá ń dúpẹ́, ẹni ìkẹyìn yẹn ni kí wọ́n máa kí.

Mo ti wá dé ibi tí ó mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí, kò sì rọrùn fún mi láti kọ ọ́.

Bàbá kan wà nínú jàmáà wa tí ó ń ta pákó, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í pẹ́ kí ó tó dé ìrun àsùbáà. Ó kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí a kírun sí i lára, èmi ni mo dìde, mo ní ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ ní gbèsè kí ó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀. Bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn, gbólóhùn kan, a ó sì gbé òkú lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọmọ fi wá bá mi pé kí n wá pín ogún. Inú mi dùn pé Ṣàríà ni wọ́n fẹ́. Ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì, ọmọbìnrin mẹ́ta. Ìṣirò rẹ̀ dán bí wàláà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀: ìpín mẹ́jọ, ìyàwó mú ọ̀kan, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan mú méjì, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Mo pín in, wọ́n ṣe mí lóore, mo sì lọ sílé.

Ní oṣù kẹta, àwọn àgbà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan dé pẹ̀lú ìwé. Bàbá ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìbátan rẹ̀ kan tí ó yá ₦960,000, láìsí èlé, láti san ₦40,000 lóṣù fún ọdún méjì. Ìbátan náà san oṣù mẹ́sàn-án, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ó ku ₦600,000. Àmì ọwọ́ bàbá wà nísàlẹ̀ ìwé, a mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó sọ fún nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ ní òun rántí pé ó ti sọ lọ́jọ́ kan pé òun bá ẹnìkan “fọwọ́ sí nǹkan”.

Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́, tí a ń pè ní kafīl, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá nínú ẹ̀sìn wa. Wọ́n gbé òkú kan dé iwájú Ànábì, ó béèrè bí ó bá jẹ gbèsè, wọ́n ní dínárì mẹ́ta ni. Ó ní kí wọ́n lọ kírun sí ẹni wọn lára, òun kò ní kí i. Abu Qatadah ni ó sọ pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn, kí Ànábì tó kírun sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ: ó gbà á sọ́rùn. Òǹkọ̀wé yín yìí ti rí ọ̀pọ̀ tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ bí ẹni tí ń jẹ́rìí pé ẹnìkan jẹ́ ọmọlúàbí. Gbèsè tìrẹ ni, tí o kò náwó rẹ̀. Bí o bá sì kú, inú ohun tí o fi sílẹ̀ ni wọn yóò ti gbà á.

A ní láti dá ogún padà. ₦600,000 lórí ìpín mẹ́jọ: ₦75,000 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin àgbà ti ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó, ó ti fi owó rẹ̀ rìnrìn-àjò. Èyí ìkejì ní òun kò ní. Ìyá àgbàlagbà yẹn, tí ó ti fi ìpín tirẹ̀ ra èlùbọ́ láti máa tà, òun ni ó kọ́kọ́ san, nítorí pé òun ni wọ́n ń rí nílé. Ó ta èlùbọ́ náà ní ẹ̀dínwó. Kò bá mi jà. Ó kàn ń kí mi, “Ẹ kú iṣẹ́, àfáà.” Ìbá sàn kí ó bá mi jà.

Ní Súrà Nísáì, ááyà 11 àti 12, níbi tí ìpín ogún wà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọlọ́hun sọ pé lẹ́yìn àsọtẹ́lẹ̀ òkú àti gbèsè ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ááyà méjì. Mo ti fi í kọ́ ọmọ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Mo mọ ìdá mẹ́jọ, mo mọ ìdá mẹ́rin, mo mọ ìdá mẹ́fà, n kò mọ bí a ti ń dúró.

Abdullahi ọmọ Súbérù mọ̀ ọ́n. Sàhábà ńlá ni Súbérù ọmọ Awwam. Àwọn èèyàn a máa kó owó wá fún un pé kí ó bá wọn fi pamọ́, òun a ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí ó jẹ́ gbèsè lọ́rùn òun, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ó má baà sọnù. Ní ọjọ́ ogun Jámálì, ọdún 36 Híjírà, ó pe ọmọ rẹ̀ yìí, ó ní gbèsè òun ni ó ká òun lára jù, kí ó ta dúkìá òun kí ó san án, bí apá kò bá sì ká a, kí ó bẹ Ọ̀gá òun. Ọmọ béèrè pé ta ni Ọ̀gá yín, bàbá? Ó ní Ọlọ́hun ni. Wọ́n pa á lọ́jọ́ náà. Kò fi dínárì tàbí dírámù sílẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé ni ó fi sílẹ̀. Ọmọ ṣírò gbèsè náà, ó jẹ́ 2,200,000. Ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Gábà, tí bàbá rẹ̀ rà ní 170,000, ó tà á ní 1,600,000. Ó san gbogbo gbèsè tí ó mọ̀. Àwọn arákùnrin rẹ̀ wá ní kí ó pín ogún. Ó búra pé òun kò ní pín in. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi ń kéde ní àsìkò Hájì, níbi tí gbogbo ayé ti ń pàdé, pé ẹnikẹ́ni tí Súbérù bá jẹ ní gbèsè kí ó wá gbà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni ó pín in. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, 1,200,000 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

N kò sọ pé kí a máa dúró ọdún mẹ́rin ní gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun méjì. Bàbá pè é lẹ́nu ara rẹ̀ kí ó tó lọ sójú ogun. Ọmọ kò sì gbà pé ìkéde ẹ̀ẹ̀kan tó.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí láti pín ogún, mo máa ń béèrè oṣù mélòó kan. Mo ní kí a lọ sí ọjà tí olóògbé ń ná, sí ẹgbẹ́ tí ó wà, sí bánkì, sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń dá èésú. Àwọn kan ti pè mí ní àfáà tí ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ti lọ pe ẹlòmíràn tí ó yára.

Ní kíláàsì Ìdàdí, mo fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé lọ́dún yìí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti kálámù lọ bá òbí rẹ̀, kí ó ṣe akọ̀wé, kí òbí pe gbèsè kan: iye gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó ni ín, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, iye tí a ń san àti ìgbà tí a ń san án, ọjọ́ tí yóò parí, ohun tí àdéhùn sọ bí a bá pẹ́, ohun tí a fi dógò, ẹni tí ó ṣe onígbọ̀wọ́, àti ẹni tí yóò san án bí ikú bá dé. Mo ní kí wọ́n má ṣe mú un wá hàn mí, kí ó wà nílé. Àwọn òbí kan bínú, wọ́n ní mo ń fi ọmọ tú àṣírí ilé. Mo bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun álásárì, ó ní nígbà tí òun dé ibi “ọjọ́ tí yóò parí,” òun kò rí ohunkóhun sọ, ọmọ sì ń wo òun pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́. Ó lọ bá àwọn olówó rẹ̀ ní ọjọ́ kejì láti béèrè. Ó ṣẹ́ku oṣù méjì péré, kò sì mọ̀.

Èmi náà ṣe tèmi. Gbèsè mẹ́ta ni, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí ìyàwó mi rò pé mo ti san tán. Mo pè é, ọmọ mi àgbà kọ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì nínú jàmáà jẹ́rìí sí i. Ìwé náà wà nínú àpótí tí mo ń kó kìtáàbù sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Risala, wọ́n sì mọ ibẹ̀.